Owó Oṣù àti Ọ̀nà Ọjà: Ìtàn Àwọn Òṣèré Yorùbá Tí Wọ́n Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀ fún Sinimá

Ní ọdún 1946 ni ọlọ́pàá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hubert Ògúńdé kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní Èkó, tí ó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ọmọ Òsósà ni, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. 1916 ni wọ́n bí i. Ó ti ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọdún mélòó kan kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Nígbà tí ó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, kò tíì sí sinimá gígùn kan tí a fi èdè Yorùbá ṣe. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọjá kí òun fúnra rẹ̀ tó gbé sinimá àkọ́kọ́ tirẹ̀, Aiyé, jáde ní 1979.

Àwọn tí ń sọ irú ìtàn yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí ìtàn akin: ọkùnrin kan fi owó oṣù sílẹ̀, ó jìyà díẹ̀, ó sì là. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ní ìgboyà bí ti Ògúńdé, tí iṣẹ́ náà sì kó wọn sí gbèsè. Ọ̀pọ̀ ni ó ní ẹ̀bùn tí ó tayọ, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì sọ àwọn ẹlòmíràn di olówó. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn náà láti 1946 títí di òní, ohun kan ni ó ń fara hàn lemọ́lemọ́: ẹni tí ó fi owó oṣù sílẹ̀ kì í sábà ṣubú nítorí pé kò mọ eré ṣe, ó ń ṣubú nígbà tí ọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí owó oṣù jẹ́ nígbà náà

Láyé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, owó oṣù kì í ṣe owó lásán. Tíṣà, akọ̀wé, ọlọ́pàá àti wolé-wolé wà lára àwọn tí gbogbo ìdílé gbójú lé. Nínú owó náà ni a ti ń san owó ilé ìwé àbúrò, inú rẹ̀ ni a ti ń dá èsúsú, inú rẹ̀ náà ni a ti ń tún ilé bàbá ẹni kọ́. Ẹni tí ń yáni lówó pàápàá mọ̀ pé ìparí oṣù kì í yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó fi wewu. Ó fi gbogbo àwọn tí ń jẹ lára rẹ̀ wewu pẹ̀lú.

Ohun tí ó fẹ́ lọ ṣe ni ó tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Iṣẹ́ alárìnjó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Inú ọdún eégún ni ó ti ṣẹ̀, Ọ̀yọ́ Ilé ni ó sì ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ kí ó tó tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn fẹ́ràn eré ju bí wọ́n ti fẹ́ràn eléré lọ. Wọn a máa pàtẹ́wọ́ fún un lójú agbo. Bí ó bá wá fẹ́ ọmọ wọn, wọn a ní alágbe ni. Kí ẹni tí ó mọ̀wé, tí ó sì ti wọ aṣọ ìjọba, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́nu.

Ògúńdé: ẹni tí ó la ọ̀nà tirẹ̀

Ògúńdé kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìwàǹwára. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí ó ṣì ń ṣe ọlọ́pàá, ni wọ́n ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́, The Garden of Eden and the Throne of God, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ìjọ kan ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe é, eré náà sì yọrí sí rere. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, síbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí ó fi wò ó bóyá àwọn òǹwòran yóò máa sanwó, kí ó tó yọ ẹsẹ̀ kúrò níbi tí owó oṣù ti ń wá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo ohun tí iṣẹ́ ìjọba ti ń ṣe fún un ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òun náà di agbanisíṣẹ́. Nínú Tiger's Empire ní 1946, ó gbé àwọn obìnrin sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí ń gbowó iṣẹ́, ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá nígbà náà. Nígbà tí ó rí i pé àwọn obìnrin ń fi eré sílẹ̀ bí wọ́n bá ti lọ sílé ọkọ, ó fẹ́ ọ̀pọ̀ lára wọn, ẹgbẹ́ òṣèré sì di agbo ilé. Àwọn kan yìn ín fún ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn tíátà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé orí iṣẹ́ àwọn ìyàwó wọ̀nyí, lórí ìtàgé àti nínú ilé, ni òmìnira ọkùnrin kan náà dúró lé.

Ògúńdé fi ọkọ̀ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Bí wọ́n bá dé ìlú kan, wọn a gba gbọ̀ngàn, wọn a polówó eré, wọn a ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, wọn a ṣeré, wọn a sì ka owó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kò sí alágbàtà láàárín òṣèré àti òǹwòran. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Èyí gan-an ni ó rọ́pò owó oṣù: agbára láti gba owó ẹni lọ́wọ́ ẹni tí ó wo iṣẹ́ ẹni.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba fẹ́ bá Ògúńdé jà, ọ̀nà náà ni wọ́n dí. Strike and Hunger, eré tí ó dá lórí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti 1945, bí àwọn aláṣẹ nínú ní Jos. Ní 1964 ni ó ṣe Yorùbá Ronú, eré tí ó fi bá àwọn aṣáájú Yorùbá wí lórí ìyapa tí ó dé bá wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, ìdè náà kò sì tú títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 1966. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn mọ́, wọn kò lè lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mọ́ ọn, èyí sì burú tó ìlélẹ́nuṣẹ́.

Láti orí ìtàgé dé inú sinimá

Àwọn mìíràn tọ ọ̀nà tí Ògúńdé là. Tíṣà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tíṣà náà sì ni Dúró Ládiípọ̀ tí ó ṣe Ọba Kò So. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìtàgé. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri Yorùbá ti lé ní ọgọ́rùn-ún.

Bí ẹgbẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni ìnáwó ń ga. Ẹni tí ó bá ní òṣèré ogún, ogún ẹnu ni yóò bọ́ lójoojúmọ́, yálà wọ́n ṣeré tàbí wọn kò ṣeré. Nígbà tí Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún ní 1976, pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, àwọn ọ̀gá òṣèré rí ohun tí sinimá lè ṣe fún wọn. Àjàní Ògún ni a kà sí sinimá gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìjà Òmìnira dé ní 1979, èyí tí Adé Love gbé jáde láti inú ìwé ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ọdún náà ni Ògúńdé àti Ọlá Balógun ṣe Aiyé. Jáyésinmi, Àròpin Ń Tènìyàn àti Àyànmọ́ sì tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó fà wọ́n mọ́ra kò ṣòro láti rí. Eré orí ìtàgé kò lè wáyé ní ìlú méjì lálẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀dà fíìmù méjì lè fi han ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣèré lè máa sùn nílé nígbà tí àwòrán rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóko. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà àtijọ́ kò tíì yí padà. Olówó fíìmù a máa gbé ẹ̀rọ àti ẹ̀dà fíìmù rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, yóò gba ilé sinimá tàbí gbọ̀ngàn ìlú, yóò fi àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀dà fíìmù wúwo, ó wọ́n, kò sì ṣeé dà kọ nínú yàrá ẹni. Ìwúwo rẹ̀ yìí ni ó ń ṣọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olówó rẹ̀ lè má kíyè sí i nígbà náà.

Ọ̀run Mòórù

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé rí kí ó tó di ọba aláwàdà. Orí tẹlifíṣọ̀n àti orí ìtàgé ni ó ti mú kí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá rẹ́rìn-ín. Ní 1982 ó gbé Ọ̀run Mòórù jáde, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Owó ńlá ni ó ná sí i, títí kan owó tí ó yá. Bí a bá fi ojú iye ènìyàn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ wò ó, kò sí ìdí tí owó náà kò fi yẹ kí ó padà wálé.

Ṣùgbọ́n àkókò náà ni ẹ̀rọ fídíò ń wọ inú ilé àwọn tí ó rí já jẹ. Àwọn kan rí ọ̀nà dà Ọ̀run Mòórù kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, kásẹ́ẹ̀tì náà sì gba ìgboro. Ẹni tí ó yẹ kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì jókòó sílé ó wò ó, ó pe aládùúgbò rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn ń wo iṣẹ́ Bàbá Sàlá kọjá bí ó ti rò, òun sì wà nínú gbèsè. Ó tún ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983 àti Mọṣẹ́bọ́látán ní 1985, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Títí tí ó fi kú ní 2018, àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ olè àdàkọ bá délẹ̀ ni ó jẹ́.

Ó yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni kókó ìtàn náà wà. Bàbá Sàlá kò ṣe eré tí kò dára, kò sì sí ẹni tí ó kórìíra rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà wà láti 1970, ṣùgbọ́n kò mú ẹnikẹ́ni tí a lè fi ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn yòókù. Ọdún 1988 ni ìjọba tó ṣe òfin tuntun tí ó lágbára jù ú lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà kan tí Ògúńdé ti là, ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn àti tíkẹ́ẹ̀tì, ni gbogbo wọn ṣì ń ṣọ́, nígbà tí ọjà ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹni tí ó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ.

Náírà, fídíò àti àwọn olówó kásẹ́ẹ̀tì

Kí wọ́n tó mọ bí wọn yóò ṣe dènà olè, náírà já lulẹ̀. Òkè òkun ni a ti ń ra fíìmù, òkè òkun náà ni a sì ti ń fọ̀ ọ́. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ìjọba dá ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, dọ́là kan di ohun tí ó ju náírà mẹ́ta lọ, ó sì ń gòkè sí i. Àwọn òṣèré tí owó wọn jẹ́ náírà kò lè ra fíìmù mọ́. Àyànmọ́ tí Ògúńdé ṣe ní 1988 wà lára àwọn tí ó kẹ́yìn irú rẹ̀. Ọ̀gá náà kú ní 1990.

Ẹ̀rọ fídíò tí ó ba Ọ̀run Mòórù jẹ́ ni àwọn òṣèré wá gbá mú bí ohun ìgbàlà. Láti nǹkan bí 1988, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà fídíò ya eré wọn. Àwọn tí ó ní owó láti tẹ kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníṣòwò, irú àwọn tí ń ta ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà. Kenneth Nnebue, ọ̀kan lára wọn, ti ń náwó sí fídíò Yorùbá kí ó tó gbé Living in Bondage ti èdè Ìgbò jáde ní 1992. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n ní owó, àwọn ni wọ́n ní ìsọ̀, àwọn ni wọ́n sì mọ iye kásẹ́ẹ̀tì tí a tẹ̀. Òṣèré a gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti fi owó oṣù sílẹ̀ nítorí òmìnira ṣe padà di alágbàṣe, láìsí ìdánilójú ìparí oṣù.

Àwọn tí wọ́n tún fi iṣẹ́ sílẹ̀

Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Túndé Kèlání ti dá dúró. Wọ́n bí i ní 1948. Ó kọ́ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní Ìbàdàn, ó kọ́ ẹ̀kọ́ sinimá ní London, ó sì bá àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ṣiṣẹ́. Òun ni ó gbé kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ nínú sinimá àwọn òṣèré alárìnkiri, nítorí náà ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe là àti bí wọ́n ṣe gbèsè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 ó dá ilé-iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀. Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní 1993. Kòṣeégbé, Ó Le Kú, Saworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Kèlání kò retí kí oníṣòwò kan sọ irú ìtàn tí òun yóò ṣe. Inú ìwé Yorùbá ni ó ti wá ìtàn, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó sì fi gbé e jáde. Nígbà tí ó yá, ó tún gbé sinimá alágbèéká lọ bá àwọn ará àdúgbò, bí àwọn òṣèré àtijọ́ ti máa ń ṣe.

Kúnlé Afọláyan ni èkejì. Ọmọ Adé Love ni, wọ́n bí i ní 1974. Ilé ìfowópamọ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ń ṣe eré díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kópa nínú Saworoidẹ ní 1999. Òun náà kò fò ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ: ó ṣe méjèèjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fi báńkì sílẹ̀, kí ó sì lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sinimá ní New York. Lẹ́yìn Ìràpadà ni ó gbé The Figurine jáde ní 2009, tí àwọn kan mọ̀ sí Àràromirẹ̀. Àwọn ilé sinimá tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní Èkó láti 2004, ọ̀nà tíkẹ́ẹ̀tì sì tún là. Afọláyan jẹ́ kí The Figurine pẹ́ ní ilé sinimá kí ó tó jẹ́ kí àwo rẹ̀ dé ọjà. Ẹ̀kọ́ Ọ̀run Mòórù ni èyí. Síbẹ̀, olè kò sùn: ní 2015, àdàkọ October 1, sinimá rẹ̀ mìíràn, gba ìgboro, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì figbe ta.

Ní 2022, orí Netflix, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ni Aníkúlápó rẹ̀ ti jáde. Èdè Yorùbá ni wọ́n sọ nínú rẹ̀, a sì rí i ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àgbáyé lọ́jọ́ kan náà. Ògúńdé kọ́ abúlé sinimá sí Òsósà. Afọláyan kọ́ tirẹ̀ sí Igbójàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti Ògúńdé, ẹnu ọ̀nà wà níwájú rẹ̀, ó lè ka orí àwọn tí ó wọlé. Ní ti òde òní, òkè òkun ni ẹnu ọ̀nà náà wà, ẹni tí ó ni ín ni ó sì ń kà á.

Ìdájọ́ ìtàn

Nínú ìtàn yìí, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú dání. Èkíní ni pé àwọn tí ó yege kò fi ìbínú kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dán ọjà wò nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé, bí Ògúńdé ti ṣe láti 1944 sí 1946, àti bí Kúnlé Afọláyan ti ṣe nígbà tí ó ṣì wà ní báńkì. Èkejì ni pé kò sí ẹni tí ó dá dúró ní tòótọ́. Ìyàwó, ọmọ, ẹgbẹ́, òǹkọ̀wé àti òǹwòran ni wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ró. Ẹ̀kẹta ni pé òmìnira olóòótọ́ nínú iṣẹ́ sinimá wà nínú níní ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn, ju bí ó ti wà nínú kíkúrò lábẹ́ ọ̀gá lọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìjọba dí ọ̀kan mọ́ Ògúńdé ní 1964, olè gba ọ̀kan lọ́wọ́ Bàbá Sàlá ní 1982, oníṣòwò sì gba òmíràn lọ́wọ́ àwọn ará fídíò. Gbogbo ìgbà ni a rí ẹni tí ó tún ọ̀nà mìíràn là. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tí a tún ṣe, tí ààrẹ Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 2023, lè dáàbò bo ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí yóò bá oníṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òun fúnra rẹ̀ bá ti ta kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù fún ọ̀dọ́ tí ó jókòó sí ọ́fíìsì lónìí, tí ọkàn rẹ̀ wà nídìí kámẹ́rà, ni èyí: ní ọjọ́ tí fíìmù rẹ̀ bá parí, ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ dání?